Ọjọ́ Tí Ṣubúlulẹ̀ Kò Ṣubú

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n ní kí n lò. Ẹ̀yin náà gbọ́ bí Táyọ̀ tó ṣètò àpéjọ àwa ọmọ Yorùbá yìí ṣe sọ ọ́ sínú maikirofóònù: Bàbá yóò bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀, a ó fún Bàbá ní àwo ìdánilọ́lá, a ó sì wo fíìmù. Ẹ ṣeun. Ẹni tó bá ní aago lọ́wọ́, kí ó bọ́ ọ sápò. N kò mọ ohun gidi kan láyé mi tó gba ìṣẹ́jú márùn-ún, àfi dókítà tó ń tọ́jú mi nílùú yìí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi ń yẹ̀ mí wò, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti wà lára ilẹ̀kùn kí n tó dé orí orúnkún tó ń dùn mí. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì tó kún inú gbọ̀ngàn yìí, ẹ má bínú. Mo ti dàgbà ju kí n máa fi oyin pa ètè lọ.

Ẹ rí aṣọ funfun tí mo ní kí wọ́n ta sí àárín gbọ̀ngàn. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì mi méjì ni, èmi fúnra mi ni mo fi abẹ́rẹ́ rán wọn pọ̀ nílé mi ní Pleasant Grove, níhìn-ín ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo sọ fún Táyọ̀ pé mo fẹ́ mú aṣọ wá tí a ó fi wo fíìmù, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, “Daddy, that's so vintage. Àwọn ọmọ máa like ẹ̀.” Ó rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Kò béèrè ìdí tí mo fi ní kí wọ́n ta á sí àárín, kí àyè sì ṣófo lẹ́yìn rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò béèrè, èmi náà kò sì sọ. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, Ẹlẹ́nu Sinimá ni wọ́n ń pè mí. Iṣẹ́ náà ti kú, àwọn tó ń fi orúkọ náà pè mí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀gá mi ni Ọ̀gá Ràfíù, ọkùnrin kúkurú kan láti Ìbàdàn tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ sinimá àti aṣọ funfun ńlá kan. Lásìkò yẹn, àwọn ilé sinimá ìgboro ti kọ fíìmù tí kì í sọ̀rọ̀ sílẹ̀, èyí tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Ọ̀gá Ràfíù lọ ń kó àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà jọ. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ṣa èèpo gbágùúdá kiri. Ó ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ó ní fíìmù tó ń sọ̀rọ̀, ṣebí Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ta ló fẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Òkè Ògùn? Ṣùgbọ́n èyí tí ẹnu rẹ̀ ń mì tí ohùn kò jáde, èdè tó bá wù wá la lè fi sí i lẹ́nu. Èmi ni mo wá di èdè náà. Mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, n ó máa sọ ohun tí bàbá sọ, ohun tí ìyá fi dá a lóhùn, àti ohun tí ajá tó ń kọjá lọ ń rò nínú ara rẹ̀.

Ẹ̀yin kò lè mọ ariwo iṣẹ́ yẹn. Jẹnẹrétọ̀ á máa hó lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ̀rọ sinimá á máa ta kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹ̀rọ aránṣọ, afẹ́fẹ́ á máa gbá aṣọ pàá, pàá. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ etí odò kò sì mọ̀ pé sinimá ń lọ lọ́wọ́. Maikirofóònù kò sí. Bí mo bá fẹ́ kí ohùn mi borí gbogbo rẹ̀, láti inú ikùn ni mo ti ń pè é jáde. Ṣùgbọ́n ariwo tó ga jù lọ ni ẹ̀rín. Kí odindi ìlú jọ bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìyálé àti ìyàwó tí kì í kíra wọn di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú, ẹ̀yin kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Lónìí, ọmọ ọmọ mi á fi nǹkan dí etí nínú mọ́tò, á máa dá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. N ó ní, “Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?” Á ní, “Nothing, Grandpa.” Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò sí nínú ẹ̀rín rẹ̀, àánú rẹ̀ ń ṣe mí, mo sì ń sọ ọ́ fún un.

Òyìnbó kan wà tí gbogbo Òkè Ògùn mọ̀ ju ajẹ́lẹ̀ wọn lọ. Ọrùn rẹ̀ gùn, etí rẹ̀ tóbi, kì í rẹ́rìn-ín, òun náà ló ń ṣe eré, òun náà ló ń darí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó ṣubú. Á ṣubú láti orí ẹṣin, láti orí òrùlé, láti orí ibùsùn tí òun nìkan sùn sí. Bí wọ́n bá fún un ní omi mu, á bá omi náà ṣubú. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò kàn wá, Ṣubúlulẹ̀ ni àwa sọ ọ́. Débi pé bí ọmọdé bá fi ẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà oko, ìyá rẹ̀ á ní, “Pẹ̀lẹ́, Ṣubúlulẹ̀.” Nígbà ọdún Iléyá, nígbà Kérésì, nígbà tí iṣu titun bá jáde, wọ́n á ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Ràfíù pé kí ó gbé Ṣubúlulẹ̀ wá, bí ẹni pé ó ń sùn nínú ọkọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n Ṣubúlulẹ̀ ṣe fíìmù mẹ́ta tí kò ti ṣubú. Bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni, bóyá nǹkan ṣe é nílé rẹ̀, n kò mọ̀. Ọ̀kan dá lórí adájọ́, ọ̀kan dá lórí sójà tó ti ojú ogun dé. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a fẹ́ wò lónìí, òun ló bà mí nínú jẹ́ jù, òun náà sì ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀gá Ràfíù gbọ́ pé nílùú rẹ̀ lọ́hùn-ún gan-an, inú bí àwọn èèyàn sí i, wọ́n ní ta ló ní kí ó máa pa àwọn lẹ́kún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ẹni tí gbogbo ayé ní kí ó máa ṣubú, tó sì ní òun fẹ́ dúró, ọkùnrin ni.

Fíìmù náà kò le. Bàbá kan wà tó ń tan iná ojú pópó ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá ojú irin, láyé ìgbà tí wọ́n ń fi ìṣáná tan iná ìlú. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, á gbé àkàbà rẹ̀ lé èjìká, á máa ti orí òpó dé orí òpó. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà fẹ́ bá rélùwéè lọ sí ìlú ńlá. Bàbá kò fẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ dé, ó mú ìṣáná inú àpò rẹ̀, ó fún un, ó sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọmọ lọ. Iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì dé, wọ́n ní kí bàbá máa lọ sílé. Kò lọ. Òpó kan kù ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ tí wọ́n gbàgbé láti wó, òun ni bàbá ń tàn ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, kò sẹ́ni tó rán an, kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́. N kò ní sọ ìparí rẹ̀ tán. Ohun tí ẹ máa mọ̀ báyìí ni pé ní ìparí, Ṣubúlulẹ̀ wà lórí àkàbà, ó ga, ẹnìkan sì pè é láti ìsàlẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Ṣubúlulẹ̀, lórí àkàbà. Ní gbogbo ìlú tí a kọ́kọ́ gbé e dé, ẹ̀rín ni wọ́n fi pa á. Bí ó bá ti gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà, wọ́n á ti máa pariwo: “Yóò ṣubú! Yóò ṣubú!” Àwọn ọmọdé á dìde dúró kí wọ́n lè rí ìṣubú náà dáadáa. Nígbà tí kò bá wá ṣubú, wọ́n á bínú, wọ́n á máa ju èèpo ẹ̀pà lu aṣọ. Ọ̀gá Ràfíù pè mí. Ó ní, “Fi àwàdà sí i lẹ́nu. Sọ pé ó ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ lórí òpó. Kí wọ́n ṣáà rẹ́rìn-ín, kí a máa lọ.”

Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ wo ojú ọkùnrin yìí. Ojú lọ̀rọ̀ wà. N kò lè purọ́ mọ́ irú ojú báyìí.”

Ó ní ọmọ tó ń jẹun lọ́wọ́ òun kò gbọdọ̀ kọ̀ sí òun lẹ́nu. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì kọ̀. Ó le mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní àárọ̀, ó sì gbà mí padà ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ gbìyànjú láti sọ fíìmù tí ohùn rẹ̀ há. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, èmi àti òun, ọdún dé ọdún. Bí a bá ń jà lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, a ó ti parí rẹ̀ kí a tó dé Òkèihò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó gbàgbé. Sànyà ló ń yí ẹ̀rọ, oníwọra ni, kì í ṣiṣẹ́ láìjẹun. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ kan wà nínú àkàrà, ọwọ́ kejì ló fi gbé fíìmù, ó bá gbé apá ìkẹta síwájú apá ìkejì. Ọmọ tí kò tíì lọ, a ṣàdédé rí i tó ń padà bọ̀. Èrò ń wojú mi. Mo ní, “Bàbá ń lá àlá ni o. Ọmọ ń bẹ nílé, bàbá sì ti ń lá àlá pé ó lọ, ó sì padà dé.” Wọ́n mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn eré, ìyá arúgbó kan wá bá mi, ó ní nínú gbogbo rẹ̀, àlá yẹn ló dùn mọ́ òun jù. Nígbà tí a tún padà sí ìlú náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní bí kò bá ti sí àlá níbẹ̀, kí a má tú ẹrù. Sànyà ní láti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ lọ béèrè bóyá kọ̀ǹpútà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí èyí tó kàn, nítorí òun ló kan aṣọ yìí. Aṣọ sinimá ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn. Àwọn tó sanwó ló ń jókòó síwájú, lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn tí kò lówó á lọ sẹ́yìn aṣọ, wọ́n á máa wò ó lófẹ̀ẹ́, Ọ̀gá Ràfíù á sì ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Àwòrán kan náà ni, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn, ọ̀tún ti di òsì. Ìjà tí èyí fà kò lóǹkà. Lójú odò, lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan á ní Ṣubúlulẹ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, èkejì á ní ọlọ́wọ́ òsì ni, wọ́n á wọ̀yá ìjà. Bí a bá sì ti mọ ẹni tó sọ pé òsì ni, a ti mọ ilé tí kò sanwó.

Ìlú kan wà tí n kò ní dárúkọ, nítorí àwọn ọmọ ibẹ̀ lè wà níhìn-ín. Ọ̀sẹ̀ Kérésì ni, ọyẹ́ ń jà, ètè gbogbo wa ti là. Afẹ́fẹ́ le débi pé a ní láti ta aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé Baálẹ̀ kí ògiri lè bá wa gba afẹ́fẹ́ dúró. Kò sẹ́ni tó rò ó nínú wa pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀ ti bọ́ sẹ́yìn aṣọ. Baálẹ̀ kì í jókòó sínú eruku láàárín èrò. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, lórí àga rẹ̀, ó ń wo sinimá láti ibi tí àwọn tí kò sanwó ti ń wò ó. Èmi kò mọ̀.

Mo dé ibi ìdágbére. Mo ní, “Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún fún ọmọ rẹ̀ ní ìṣáná. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún náà lé e lórí, ó ní, máa lọ, ọmọ mi, iná rẹ kò ní kú.”

Ohùn kan ti ẹ̀yìn aṣọ dá mi dúró. “Irọ́ ni. Ọwọ́ òsì ni.”

Gbogbo èrò mọ ohùn Baálẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síhìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: bí bàbá bá fi ọwọ́ òsì fún ọmọ ní nǹkan nígbà ìdágbére, kò súre fún un, ó lé e ni. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, áḿbọ̀sì kí a fi súre. Ọ̀gá Ràfíù ń ṣẹ́jú sí mi láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ń fi orí bẹ̀ mí pé kí n gbà. Kí ló máa ná mi? Kí n ṣáà ní òsì ni, kí fíìmù máa lọ, kí a sùn ní àlàáfíà.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku níbi tí mo wà. Mo ní, “Kí ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni.”

“Ọmọ ta ni ọ́?”

“Bàbá mi kò sí níhìn-ín, Baálẹ̀. Bí ó bá wà níbi tí mo wà yìí, ọwọ́ ọ̀tún ni òun náà yóò rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ wá wò ó láti iwájú.”

Mo gbọ́ tí ẹnìkan nínú èrò ní, “Ọmọ yìí ti kú.” Mo rò pé òótọ́ ló sọ. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ìró àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. Àwọn ọmọ ilé sáré láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbà. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wọ́ àga rẹ̀ yí aṣọ ká, ó gbé e sí iwájú gbogbo èèyàn, ó jókòó. Ó ní, “Ẹ dá a padà.”

Sànyà dá a padà. Bàbá fún ọmọ ní ìṣáná, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọwọ́ ọ̀tún. Baálẹ̀ ní kí ó tún dá a padà. Ó tún wò ó. Ó ní kí a máa bá a lọ. Nígbà tí Ṣubúlulẹ̀ gun àkàbà, tí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé yóò ṣubú, Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ìlú sì pa rọ́rọ́. Èmi náà dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, n kì í sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin náà bá ń sọ̀kalẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan lélẹ̀, ó fi èkejì lélẹ̀, kò ṣubú. Omi ń bọ́ lójú Baálẹ̀, kò sì nù ún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ó ń wò ó títí aṣọ fi padà di funfun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a ń di ẹrù sọ́kọ̀ nígbà tó dé. Ó bi Ọ̀gá Ràfíù pé níbo la ń lọ. Ọ̀gá Ràfíù ní Ìbàdàn ni. Baálẹ̀ gun iwájú ọkọ̀, èmi bọ́ sẹ́yìn láàárín ẹrù. Àwọn ará ìlú ló sọ ìyókù fún mi kí a tó gbéra. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Ìbàdàn, ó ti lọ bá ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́. Lójú gbogbo èèyàn ni Baálẹ̀ ti fi ọwọ́ òsì ju ẹrù rẹ̀ sí i. Ọdún púpọ̀ ti kọjá lórí ẹ̀. Nígbà tí a dé Mọ́níyà, ó ní kí a dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ bá obìnrin kan tó pàtẹ sẹ́bàá ọ̀nà, ó ra ìṣáná. Bó ṣe fẹ́ padà wọkọ̀, ó rí mi lẹ́yìn níbi tí eruku ti sọ mí di funfun. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, olóríkunkun ni ọ́.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Baálẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, a sì ń lọ.

Tẹlifíṣọ̀n ló pa wá. Fídíò wá sin wá. Ọ̀gá Ràfíù ta jẹnẹrétọ̀ fún àwọn tó ń lọ àgbàdo, ṣùgbọ́n kò ta aṣọ. Nígbà tó kú, ó ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé aṣọ náà ni kí wọ́n fi di òun, wọ́n sì fọ̀ ọ́, wọ́n fi dì í. Mo wà níbẹ̀. Èmi dé Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí Mojísọ́lá ọmọ mi ti fìdí kalẹ̀ níhìn-ín. Iṣẹ́ tí mo ṣe ni kí n máa ti àwọn arúgbó lórí àga oníkẹ̀kẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú ẹ̀gbẹ́ Grapevine, títí èmi náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹni tí wọ́n ń tì. Ẹ ò mọ iye ìdágbére tí mo rí níbẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á máa wo ojú èèyàn, wọ́n á máa wo ẹrù. Ọwọ́ ni mo máa ń wò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí ohun tó gbé mi dìde. Mojísọ́lá ló bá mi rí fíìmù náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀mí mi fò. Mo jókòó sílé rẹ̀ níbí ní Richardson, mo ń wo Ṣubúlulẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, títí ó fi kan ibi ìdágbére. Bàbá na ọwọ́, ó fún ọmọ ní ìṣáná. Ọwọ́ òsì ni.

Mo ní kí ó dá a padà. Òsì ni. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ti yí gbogbo àwòrán síkejì, bí ẹni ń wo dígí, ó sì tún àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí àárín fíìmù kọ ní Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè ṣe é kà. Gbogbo ayé ti di ẹni ẹ̀yìn aṣọ, wọn kò sì mọ̀. Mo pe Táyọ̀. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ti rí i kí n tó pè é. Ó ní, “Daddy, I know. Wọ́n máa ń flip ẹ̀ kí àwọn tó ni fíìmù má baà ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. It's the same movie. Kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ ẹ̀.”

Mo ní, “Èmi ń wò ó.”

Ó ní, “Tí a bá flip ẹ̀ back, gbogbo English tó wà nínú ẹ̀ á di ìdàkejì, nobody can read it. And Daddy, voice ti wà lórí ẹ̀ already. Kọ̀ǹpútà ló máa sọ ọ́, in English, ohùn yẹn clear dáadáa. Ẹ̀yin máa kàn sinmi, a máa fún yín ní award yín.”

Ẹ gbọ́ mi o. Kí èmi sinmi kẹ̀! Ẹ̀rọ tí kò bímọ, tí kò lọ́wọ́ ọ̀tún, tí kò ní tòsì, òun ni kí ó sọ ohun tó wà lọ́kàn bàbá tó ń dágbére fún ọmọ, kí èmi sì gbé àwo mọ́ àyà jókòó. Táyọ̀, ọmọ dáadáa ni ọ́, mo fẹ́ràn ìyàwó rẹ, gbogbo ètò òní, ìwọ lo ṣe é. Ṣùgbọ́n rárá. Gbé àwo yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ń fún ẹni tó ti parí iṣẹ́ ní àwo. Èmi wá síbi iṣẹ́ ni.

Mojísọ́lá ló gbé mi wá lónìí. Lórí freeway, ó ní, “Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì wá.” Mo bi í pé ǹjẹ́ ó rántí ọjọ́ tó ń kúrò ní Èkó, ní pápákọ̀, pé mo fi ọwọ́ òsì di àpótí rẹ̀ mú, mo sì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e lórí. Ó ní, “Daddy, mo ti fẹ́ miss flight mi nígbà yẹn.” Kò rántí. Ó ń wo ọ̀nà, èmi ń wo ọwọ́ mi. Ó dùn mí, mo ń sọ ọ́ níwájú rẹ̀, ó ń gbọ́ mi níbi tó jókòó sí yìí. Bí ẹni tí mo súre fún kò bá rántí ọwọ́ tí mo fi súre, kí ni ọmọ rẹ̀ máa rántí? Wọ́n á rò pé ńṣe la kàn lé ara wa káàkiri ayé.

Nítorí náà ni aṣọ yìí ṣe wà ní àárín. Ẹ̀rọ Táyọ̀ wà lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, n kò fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ ka Gẹ̀ẹ́sì, kí ó jókòó síbi tó jókòó sí, ìwé á tọ́ lójú rẹ̀, bàbá á sì fi ọwọ́ òsì lé ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá yí síkejì, bí a bá lọ wò ó láti ẹ̀yìn aṣọ, á padà bọ̀ sípò. Lẹ́yìn níbẹ̀, ọ̀tún á di ọ̀tún. Gẹ̀ẹ́sì á di ìdàkejì, ẹnikẹ́ni kò ní lè kà á. Ó dára bẹ́ẹ̀. Etí lẹ ó fi gbọ́ ọ, ẹnu mi ni yóò sì ti jáde. Ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá tó, kí ó jókòó ti ìyá rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ máa sọ ọ́ sí i létí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ibi tí àwọn tí kò sanwó ń jókòó sí ni mò ń pè yín sí, mo mọ̀. Baálẹ̀ ti ẹ̀yìn wá síwájú, ẹ̀yin ẹ ti iwájú wá sẹ́yìn. Èmi ti ń lọ síbẹ̀ báyìí, ẹ rí mi, mo ti gbé ọ̀pá mi. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ̀ lé mi, n ó sọ ọ́ fún ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀lọ́ rí.

Mo ti dé ẹ̀yìn aṣọ. N kò rí yín mọ́.

Ìró àga wo ni mò ń gbọ́ nílẹ̀ yẹn? Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ta nìyẹn?

Mojísọ́lá. Jókòó síbí, níwájú mi. Fa àga rẹ súnmọ́ mi, ẹlòmíì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, mò ń gbọ́ wọn.

Táyọ̀, pa ohùn ẹ̀rọ yẹn. Pa iná.

Ẹ gbọ́. Ilẹ̀ ń ṣú ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá ojú irin. Bàbá kan gbé àkàbà lé èjìká òsì, ó jáde nílé rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣófo. Ẹ máa wo ọwọ́ náà.